ÌLÀNÀ OÚNJẸ ORÍLẸ̀-ÈDÈ: TA NI Ó PE ÀGBẸ̀ SÍ ÌPÀDÉ?

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó-orí, kì í sì í ṣe ti ìdìbò. Ọ̀rọ̀ ikùn ni. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní akọ̀wé ìkéde ẹgbẹ́ ti fi òṣèlú sílẹ̀, ó ti di alásè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ìjọba tí ó bá lè sọ fún ènìyàn pé èyí ni kí o jẹ, èyí ni kí o má jẹ, irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ti wọlé dé ìdí ààrò, ibi tí agbowó-orí pàápàá kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ìlànà oúnjẹ orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, àwọn ìjọba ayé pàdé ní ìlú Róòmù lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìlera. Ní ọdún 1995, àjọ àgbáyé méjì, FAO tí ń bójútó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti WHO tí ń bójútó ìlera, pe àwọn onímọ̀ jọ sí Nicosia ní erékùṣù Kípírù, erékùṣù kan náà tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti wàásù. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí níbẹ̀ dára: pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dín sísọ̀rọ̀ nípa èròjà tí ojú kò rí kù, kí ó máa bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ gan-an, irú èyí tí wọ́n ń gbìn, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n sì ń sè. Orílẹ̀-èdè wa gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2001. Wọ́n ya àwòrán kan tí ó rí bí òkìtì ẹ̀pà tí wọ́n ń kó jọ ní Kánò láyé àtijọ́: iṣu, gbágùúdá, àgbàdo àti ìrẹsì ní ìsàlẹ̀ níbi tí òkìtì ti gbòòrò, ẹ̀fọ́ àti èso tẹ̀ lé e, ẹja, ẹran, ẹyin àti wàrà wà lókè wọn, ọ̀rá àti ohun dídùn wà ní ṣóńṣó orí, níbi tí àyè ti kéré jù lọ. Bí mo bá wo àwòrán náà fúnra rẹ̀, n kò rí ohun púpọ̀ tí n óò bá a jà sí. Ọ̀nà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni mo bá wí.

Ẹ kíyè sí àwọn ọdún náà. Ọdún 2001 kan náà ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ 12, Ọ̀ṣun wa sì wà lára wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí àwọn ìyá àti ọmọ ń jẹ ní tòótọ́. Ọdún 2003 ni wọ́n parí iṣẹ́ náà. Ọdún 2004 ni ìwé wọn jáde. Ǹjẹ́ ẹ rí i? A ti sọ fún ènìyàn ohun tí ó yẹ kí ó jẹ kí a tó mọ ohun tí ó ń jẹ. Télọ̀ wo ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà ni yóò gé aṣọ tán kí ó tó fi okùn ìwọ̀n yí oníbàárà ká, tí ẹni náà yóò sì tún padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ìwádìí ńlá irú rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọdún 2021 ni. Ọmọ tí a bí nígbà tí èkíní parí ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, oúnjẹ inú ọ̀rá àti ọtí dídùn inú ike ti wọ gbogbo abúlé láti Ìperíndó dé Èsà-Òkè, èròjà ìsebẹ̀ onígun mẹ́rin tí iyọ̀ kún inú rẹ̀ sì ti gba ipò ìrú nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò. Ta ni ó ń wọ̀n wọ́n? Ta ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Kò yẹ kí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ayé ti kọ́ bí a ti ń ṣe é. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ Ìmẹ̀sí-Ilé gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní ọdún 1886. Ìlú náà tún ní ògo mìíràn tí a kì í sábà sọ. Ní ọdún 1956, dókítà òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá ni ọ̀rọ̀ wọn ti bọ́ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò jókòó sí Iléṣà kí ó máa kọ ìmọ̀ràn ránṣẹ́. Ó kọrí sí Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì tọ àwọn ọmọ tí a bí ní ìlú náà lẹ́yìn láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń béèrè ohun tí ó jẹ, wọ́n ń kọ àìsàn tí ó ṣe é. Nínú iṣẹ́ yìí ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti jáde: bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ara ń dá; bí ìlà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ìyá ni Morley sì fi káàdì náà sí. Àwọn kan ní àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká ayé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí UNICEF kéde ètò ńlá rẹ̀ fún ìgbàlà ọmọdé ní ọdún 1982, wíwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n ní kí a máa ṣe.

Òyìnbó ni Morley. N kò sì ní torí pé mo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ń jà fún òmìnira kí n wá bu ọlá rẹ̀ kù. Ohun tí ó gbé e ga ni pé ó béèrè lọ́wọ́ wa kí ó tó kọ́ wa.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí a kò ti béèrè. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń mú ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí awọ ara ń bó, tí irun ń pọ́n. Ó bi àwọn ìyá tí ń sọ èdè Gá léèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kwashiorkor ni, àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí àrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ńlá ní òkè òkun, ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọ́n sọ ọ́ di pé èròjà tí ń mú ẹran ara dàgbà nìkan ni ó wọ́n ọmọ adúláwọ̀, oògùn rẹ̀ sì ni ìyẹ̀fun wàrà, èyí tí ó ti ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Ọdún 1974 ni McLaren kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé àwọn dókítà, pé àṣìṣe ńlá gbáà ni gbogbo rẹ̀: oúnjẹ lápapọ̀ ni kò tó fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Ogún ọdún ti ṣòfò. Williams tìkára rẹ̀ ti dìde ní Singapore ní ọdún 1939, ó sì fi orúkọ burúkú pe títa wàrà inú agolo fún ìyá tí ó ní ọmú: ó ní ìpànìyàn ni. Ọdún 1981 ni àwọn ìjọba ayé tó ṣe òfin lórí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà nìkan ni ó sì dìbò lòdì sí i. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ epo pupa kan àpò ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀pẹ, nítorí náà n óò dúró lé e lórí díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbin sóyà ní Amẹ́ríkà gbógun ti epo ọ̀pẹ àti òróró àgbọn, wọ́n ní ohun tí ń pa ènìyàn ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì yọ epo ọ̀pẹ kúrò, ọ̀pọ̀ wọn sì fi òróró tí wọ́n ti fi ọgbọ́n ẹ̀rọ mú dì rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Họ́láǹdì fi hàn pé òróró tí a mú dì báyìí ń ba iṣan ọkàn jẹ́. Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Níhìn-ín, ọdún 2022 ni òfin NAFDAC dé, pé ọ̀rá burúkú náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. A sì yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san gbèsè àwọn ọdún tí ìyàwó ilé ní Òṣogbo fi gbọ́ pé kí òun fi epo sílẹ̀, kí òun ra bọ́tà inú ike? N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa mu epo bí omi. Nǹkan bí ìdajì epo pupa jẹ́ irú ọ̀rá tí kò dára fún iṣan ọkàn bí ó bá pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni epo kan náà kún fún ohun tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú ọmọdé kò lè ṣe aláìní, bí a kò bá ti yọ́ ọ lórí iná títí tí ó fi funfun. Ẹni tí ó ti dé ìdí ààrò wa yóò sọ méjèèjì, yóò sọ ìwọ̀n, yóò sì sọ bí a ó ti sè é. Ẹni tí ó ń da ìwé àjèjì kọ yóò kàn sọ pé: ọ̀rá ni, ẹ sá fún un.

Ẹ má sì ṣe rò pé ní ìlú òyìnbó, ìmọ̀ nìkan ni ó ń di gègé mú. Ní oṣù Kìn-ínní ọdún 1977, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà tí George McGovern jẹ́ alága rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn dín ẹran jíjẹ kù. Àwọn ọlọ́sìn màlúù fárígá. Kí ọdún náà tó parí, a ti tún ọ̀rọ̀ náà kọ: kí wọ́n máa yan ẹran tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójútó iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ya àwòrán òkìtì oúnjẹ tirẹ̀ tán, àwọn ẹlẹ́ran àti oníwàrà pariwo, a sì gbé e pamọ́ di ọdún 1992. Nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 20 tí ó gba ìjọba níyànjú lórí ìlànà ti ọdún 2020, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé 19 ní àjọṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tàbí ti oògùn. Bí igi tútù bá ń jó báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí gbígbẹ?

Àwọn mìíràn ti já ara wọn gbà. Nígbà tí Kánádà ń kọ ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ ọ́ kọ̀ láti bá àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ṣe ìpàdé, wọn kò sì lo ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ bá sanwó rẹ̀. Wàrà tí ó ti ní ipò tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pàdánù ipò náà. Ní Bùràsílì, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ sí, ìjọba gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta ní ọdún 2014 kí gbogbo ènìyàn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òfin tí ó jáde níbẹ̀ kò ní ìṣirò kankan nínú: kí oúnjẹ tí a fi ohun oko sè máa ṣáájú èyí tí ilé-iṣẹ́ fi oríṣiríṣi èròjà pò, nígbà gbogbo. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè há a sórí.

Àwọn alátakò wa yóò ní: ẹ fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, kí ni àgbẹ̀ mọ̀? N óò dá wọn lóhùn. Èmi náà jókòó ní iwájú àwọn olùkọ́ míṣọ́n, n kò kẹ́gàn ìwé. Àgbẹ̀ kò mọ ohun gbogbo, àwọn baba wa pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ìlànà oúnjẹ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ ju ti Kípírù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa á kò mẹ́nu kan ọbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni inú ọbẹ̀ ni ẹ̀fọ́ yánrin, ẹ̀gúsí, ìrú àti ẹja wà. Ó dá mi lójú pé ọkùnrin ni, àti pé wọn kò pe ìyàwó rẹ̀ sí ìpàdé náà. Àwọn àgbà wa náà ni wọ́n ní ọmọdé tí ó bá jẹ ẹyin yóò di olè, tí wọ́n fi ń gbé ẹyin àti ẹran fún bàbá, tí ọmọ tí ń dàgbà ń lá omi ọbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 sọ pé 37 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó bí ó ti yẹ. Ti 2023 sí 2024 sọ pé ó ti di 40. A nílò onímọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí onímọ̀ wá síbi ìkòkò, kí ó ṣí ideri rẹ̀ wò. Ìríjú ọba Bábílónì pàápàá fún Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀wà àti omi, ó wo ojú wọn, lẹ́yìn náà ni ó tó pinnu.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sin ìyàwó àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Àwòrán oúnjẹ wà lára ògiri: búrẹ́dì, ife wàrà, ápù, ẹran tí a gé pẹlẹbẹ. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí i, ó ní irú oúnjẹ tí ó yẹ kí ọmọ máa jẹ nìyẹn. Nígbà tí a jáde, obìnrin náà rọra bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ mọ́ ni?” Òun ni ó ń ta mọ́ínmọ́ín ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ìgbọ̀nà. Ìtìjú mú mi, n kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n óò kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ẹgbẹ́ wa ń béèrè? Nígbàkígbà tí ìjọba bá fẹ́ ṣe ìlànà oúnjẹ tàbí tí ó bá fẹ́ tún un ṣe, kí ó kọ́kọ́ wọn àwo wa, kí ó sì wá wọ̀n ọ́n ní oṣù Karùn-ún sí Keje, kí iṣu tuntun tó jáde, nígbà tí àká ṣófo, kì í ṣe ní àkókò ìkórè nìkan. Kí a kéde orúkọ gbogbo ẹni tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà àti ilé-iṣẹ́ tí ó ti sanwó fún un rí. Ẹni tí ń ta oúnjẹ lè wá jẹ́rìí ní gbangba, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di gègé mú. Kí obìnrin tí ń ta ẹ̀wà, àgbẹ̀ tí ń gbin iṣu, àti nọ́ọ̀sì abúlé ní àga nínú rẹ̀. Kí a ka àkọsílẹ̀ náà sókè ní èdè Yorùbá ní Òṣogbo àti ní Iléṣà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Òfin Amẹ́ríkà ti dá ọdún márùn-ún fún títún tiwọn gbé jáde láti ọdún 1990. Kí tiwa náà ní ọjọ́. Kí a sì kọ iye owó sí i, nítorí ìlànà tí ó ní kí ènìyàn jẹ ẹja lójoojúmọ́ láì wo ohun tí ẹja jẹ́ lọ́jà, ẹ̀sín ni ó fi ń ṣe.

Bí ìlànà kò bá dé inú àpò, ewé bébà ni. Ìpínlẹ̀ wa ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2012, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí a pè ní O'MEALS bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ju 250,000 lọ. Ẹgbẹ́ kan kọ́ ni àwa àti àwọn tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n òótọ́ kò ní ẹgbẹ́. Wọ́n ra ohun oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n sì fi kókò sínú oúnjẹ àwọn ọmọ, kókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kà sí oúnjẹ òtòṣì. Ohun tí ìjọba bá kọ pé ó dára ni kí ó máa rà. Ohun tí ó bá ń rà ni àgbẹ̀ yóò gbìn.

Nítorí náà, a kò ní jókòó kí wọ́n tó wá. Ìgbìmọ̀ ìkéde ti pinnu pé kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, láti Òtan-Ilé títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àti ní gbogbo àdúgbò Òṣogbo, yan ilé mẹ́wàá tí ó bá gbà, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n jẹ ní ọjọ́ méje sílẹ̀: àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ohun tí bàbá jẹ, ohun tí ìyá jẹ, ohun tí ọmọ jẹ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n rà á. Kí ó má kọ orúkọ onílé sí i. Kí ó bi àwọn obìnrin léèrè, kí ó má jẹ́ bàbá nìkan ni yóò máa dáhùn. Kí ìwé náà dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Òṣogbo kí iṣu tuntun tó jáde.